Ta Ni Ó Ń Kànkùn Lóru ní Ilé Wesley?

 

Ní ìpàdé wa kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìgbéyàwó dìde, ó ní òun ní ìbéèrè. Òun àti ọkọ rẹ̀ rí ilé kan tí owó rẹ̀ kò gun òkè, ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ní kí wọ́n má ṣe dán an wò, pé ilé iwin ni, pé àwọn tí ó ti gbé ibẹ̀ rí máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àjà lóru. Ó bi wá pé ǹjẹ́ ó yẹ kí Kristẹni sá fún irú ilé bẹ́ẹ̀? Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ara rẹ̀. Ìyá kan sọ ti ilé tí wọ́n kọ́ sórí ibojì, òmíràn sọ ti ilé tí ẹni tí ó kọ́ ọ kò kú ikú rere. Ilẹ̀ ṣú kí a tó rántí pé a kò tíì dá ọmọ náà lóhùn. Ni wọ́n bá ní kí èmi lọ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa.

Èmi kò ní sọ̀rọ̀ nípa ilé kankan ní ìtòsí wa, nítorí bí a bá ti ń sọ pé ilé báyìí ni iwin wà, ẹnìkan ni a ń bá wí. Ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jìnnà, ṣùgbọ́n ilé tiwa ni. Ilé míṣọ́n Epworth ni, níbi tí John àti Charles Wesley gbé dàgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ Susanna ìyá wọn. A mọ̀ pé ọmọ 19 ni ó bí, tí 10 nínú wọn yè dàgbà. A mọ bí ó ti kọ́ wọn ní ìwé àti ní àdúrà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ rí ni pé fún nǹkan bí oṣù méjì, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 1716 títí di òpin oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1717, ohun kan tí ojú kò rí ń da ilé ìyá yìí láàmú. Àwọn ará ilé kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra wọn nínú lẹ́tà, bàbá náà sì kọ tirẹ̀.

Ìlú kékeré ni Epworth, ní Lincolnshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàrin ilẹ̀ àbàtà. Samuel Wesley ni àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà níbẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ Mẹ́tọ́díìsì kò tíì sí. Àwọn ará ìlú kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọkùnrin líle ni, ó ń dá sí ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í fi òtítọ́ pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ahọ́n. Ní ọdún 1705, lẹ́yìn ìdìbò kan tí ó mú kí àwọn kan bínú sí i, ẹni tí ó jẹ ní gbèsè mú un, gbèsè tí kò tó 30 pọ́n-ùn, wọ́n sì tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n ní ìlú Lincoln. Bí ó ti wà níbẹ̀, àwọn kan yọ́ wá lóru, wọ́n gún àwọn màlúù tí ìdílé rẹ̀ ń fún wàrà wọn mu. Ní òru ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1709, ilé míṣọ́n náà jóná. John, ọmọ ọdún márùn-ún, ni ó kù sínú rẹ̀ tí àwọn aládùúgbò fi gun èjìká ara wọn fà á yọ lójú fèrèsé. Àwọn kan gbà pé ọwọ́ ọ̀tá ni ó ti iná bọ ilé náà.

Ilé tuntun tí wọ́n fi bíríkì kọ́ lẹ́yìn iná yìí ni ilé tí mò ń sọ. Ó ṣì dúró lónìí, ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí àwọn ènìyàn ń wá wò láti ilẹ̀ gbogbo. Nínú ilé kan náà ni Susanna gbé ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ fún àdúrà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1711 sí 1712. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn péjọ, títí iye wọn fi tó 200. Nítorí náà, kì í ṣe ilé tí a kò gbàdúrà nínú rẹ̀ ni a ń sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwa a máa yára sọ pé níbi tí ariwo bá wà, àdúrà ni kò sí.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1716, ọmọbìnrin tí ó ń ṣe iṣẹ́ ilé fún wọn gbọ́ ìkérora lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìjẹun, bí ti ẹni tí ń kú lọ. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò pẹ́, ìránṣẹ́kùnrin wọn, Robert Brown, gbọ́ tirẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó kọ́kọ́ rò pé aládùúgbò wọn kan ni, tí àìsàn máa ń mú kí ó kérora bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó ń gòkè lọ sùn, ó rí ọlọ ọlọ́wọ́ kan tí ó ń yí fúnra rẹ̀. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ohun tí ó dun òun kò ju pé ọlọ náà ṣófo lọ. Ká ní ọkà wà nínú rẹ̀ ni, ẹni àìrí náà ìbá bá òun lọ̀ ọ́ tán. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Nínú gbogbo ìdààmú náà, òun nìkan ni ó ro ti iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ariwo náà di ti gbogbo ilé. Wọ́n á gbọ́ kàn-kàn-kàn lára ògiri, nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n á gbọ́ bí ẹni wọ aṣọ ṣẹ́dà tí ń wọ́ nílẹ̀, wọ́n á gbọ́ igbe bíi ti tòlótòló. Susanna àti ọkọ rẹ̀ jọ sọ̀ kalẹ̀ lóru ọjọ́ kan, ọwọ́ mọ́ ọwọ́, ó sì dà bí ẹni pé ẹnìkan da àpò owó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọn kò rí kọ́bọ̀ kan ṣoṣo, nínú ilé tí gbèsè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Wọ́n ra ajá ńlá kan kí ó máa ṣọ́ ilé. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ ajá náà gbó dáadáa. Láti ọjọ́ kejì lọ, òun gan-an ni ó ń kọ́kọ́ sá wá fara pamọ́ sáàrin àwọn ènìyàn.

Àwọn ọmọbìnrin méje ni ó wà nílé, láti orí Emily tí ó ti lé ní ọmọ ogún ọdún títí dé orí Kezzy, ọmọ ọdún méje. John àti Charles wà ní ilé-ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn kò gbọ́ ohunkóhun nínú rẹ̀. Emily ni ó sọ ohun náà ní Jeffrey, orúkọ bàbá arúgbó kan tí wọ́n ní ó kú níbẹ̀. Ẹ mọ bí ọmọdé ti rí. Kò pẹ́ tí ẹ̀rù fi tán lára àwọn kan nínú wọn. Bí aago mẹ́wàá bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n bá gbọ́ kàn-kàn, wọ́n á ní Jeffrey ti dé, ó tó àkókò láti sùn. Nancy, ọ̀kan nínú wọn, ń ta káàdì pẹ̀lú àwọn arábìnrin rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí bẹ́ẹ̀dì náà gbé e sókè. (Ẹ má bi mí léèrè ohun tí káàdì ń ṣe ní ilé míṣọ́n.)

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò gbọ́ nǹkan: bàbá. Nítorí èyí, Susanna kò fẹ́ kí wọ́n sọ fún un. Ohun tí wọ́n rò ni pé bí irú àmì bẹ́ẹ̀ bá fi ara hàn fún gbogbo ilé, tí ó sì fi ẹnìkan sílẹ̀, ikú ẹni náà ni ó ń kéde. Ẹ ò rí i pé bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa ni ó rí? Nígbà tí ó di pé kò sí ẹni tí ó lè dá wà nínú yàrá mọ́, ó sọ fún un. Àlùfáà náà kò gbà á gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ láti rí i pé wọ́n ti sùn, nítorí ó rò pé àwọn ni wọ́n ń pẹ́ lójú tí wọ́n ń pariwo. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, bí ó ti dé orí ibùsùn, ohun náà kànkùn nígbà mẹ́sàn-án lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ó di ìjà láàrin òun àti ohun náà. Ó ń lé e kiri láti yàrá dé yàrá. Ó bá a wí pé kí ní ṣe tí ó ń dẹ́rù ba àwọn ọmọdé tí kò lè dá a lóhùn, kí ó wá bá òun tí òun jẹ́ ọkùnrin nínú yàrá ìkàwé òun. Ó fẹ́ yìnbọn sí ibi tí ìró náà ti ń wá, Ọ̀gbẹ́ni Hoole, àlùfáà ìlú Haxey tí ó wá sùn tì í, ni ó dá a dúró: bí ó bá jẹ́ ẹ̀mí ni, kí ni ìbọn fẹ́ fi ẹ̀mí ṣe? Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí ó kó kúrò nínú ilé náà. Ó ní òun kò ní sá fún èṣù, èṣù ni yóò sá fún òun.

Ohun kan tún wà. Nígbà àdúrà ìdílé, bí àlùfáà bá ti dé ibi tí a ti ń gbàdúrà fún Ọba George, ìkànkùn náà á le sí i. Ní ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àdúrà fún ọba jẹ́ ọgbẹ́ àtijọ́ nínú ilé yẹn. Ní nǹkan bí ọdún 1702, kí wọ́n tó bí John, Samuel ṣàkíyèsí pé ìyàwó òun kì í ṣe Àmín sí àdúrà tí òun ń gbà fún Ọba William. Ó bi í léèrè. Susanna dáhùn pé òun kò gbà pé William ni ọba tí ó tọ́. Ó lè purọ́, ó lè ní òun kò mọ̀ pé òun kò ṣe Àmín. Kò purọ́. Ọkọ rẹ̀ búra pé òun kò ní bá a sùn mọ́ títí yóò fi yí padà, ó sì fi ilé sílẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó fi ìyàwó àti àwọn ọmọ sílẹ̀. Wọ́n padà rẹ́. John tí wọ́n bí ní oṣù Kẹfà ọdún 1703 ni èso ìpadàrẹ́ náà.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé John fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn òbí rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa, ni ó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Nígbà tí ó padà sí ilé ní ọdún 1720, ó béèrè ohun tí olúkúlùkù gbọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1784 nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Arminian Magazine. Lójú rẹ̀, ìbúra òjijì tí bàbá rẹ̀ ṣe ni ó fa ìjìyà náà. Èrò tirẹ̀ nìyẹn. Emily ní tirẹ̀ ronú nípa àjẹ́, nítorí pé kí ariwo náà tó dé, bàbá wọn ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ Ìsinmi wàásù lòdì sí àwọn awòṣẹ́ tí àwọn ará ìlú ń tọ̀ lọ. Susanna kọ́kọ́ pè é ní eku, ó ní kí wọ́n wá fun ìwo nínú ilé láti fi lé wọn. Ìwo náà kò ṣe é ní nǹkan kan. Ní ọdún 1791, ọ̀mọ̀wé Joseph Priestley tẹ àwọn lẹ́tà ìdílé náà jáde, òun sì sọ pé àwọn ìránṣẹ́ ni wọ́n fi wọ́n ṣeré. Àwọn òǹkọ̀wé tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ nawọ́ sí Hetty, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà, nítorí àwọn ará ilé kọ ọ́ pé ó máa ń gbọ̀n lójú oorun nígbà tí ìró náà bá wà nítòsí rẹ̀.

Ó ti lé ní 300 ọdún báyìí. Ẹ wo iye ohun tí a ti fi dáhùn: èṣù, àjẹ́, eku, ìbúra bàbá, ọmọ ọ̀dọ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin. Títí di òní, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀.

Nítorí náà ìbéèrè tí ó jẹ mí lọ́kàn kọ́ ni bóyá iwin wà. Ìbéèrè mi ni pé: nígbà tí a kò bá mọ ohun tí ń kànkùn, ǹjẹ́ a ní ẹ̀tọ́ láti fi orúkọ ènìyàn dí ibi tí ìmọ̀ wa kò dé?

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Susanna ṣe. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1717, ó kọ̀wé sí Samuel, àkọ́bí rẹ̀, tí ó ń kọ́ni ní ilé-ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ náà dá ìwé padà pẹ̀lú ìbéèrè lórí ìbéèrè. Ǹjẹ́ ìránṣẹ́ tuntun kankan wà nínú ilé tí ó lè máa dọ́gbọ́n? Ṣé gbogbo wọn jọ gbọ́ ọ nínú yàrá kan náà lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣé kì í ṣe ológbò, eku tàbí ajá? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Susanna sì dá a lóhùn gẹ́gẹ́ bí òtítọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ìránṣẹ́ méjèèjì, ọkùnrin àti obìnrin, oṣù Kọkànlá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n òun kò gbà pé àwọn ni, nítorí àwọn ni ẹ̀rù ń bà jù nínú ilé, àti pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn gbọ́ ìró náà nígbà tí àwọn méjèèjì wà nínú yàrá lọ́dọ̀ àwọn.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ rò ó wò. Ọmọ ọ̀dọ̀ tuntun méjì dé, ariwo dé lẹ́yìn wọn láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò ní ti so ó pọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú? A ò bá ti ní ọmọ yìí ni ó gbé e wọlé. Ìdílé náà sì ní ọ̀tá tí wọ́n mọ orúkọ wọn. Òfin tí ó ń dá ikú fún àjẹ́ ṣì wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ọdún 1736 ni wọ́n tó pa á rẹ́. Ní ọdún 1712 pàápàá, ilé ẹjọ́ dá obìnrin kan, Jane Wenham, lẹ́bi àjẹ́, Ọbabìnrin Anne ni ó dárí jì í tí kò fi kú. Bí ẹnìkan ní ilé míṣọ́n bá nawọ́ sí ìyá arúgbó kan ní Epworth, kì bá tí jẹ́ ọ̀rọ̀ eré. Nínú àwọn lẹ́tà náà, Emily dárúkọ àjẹ́, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ènìyàn. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ bẹ ohun náà pé kí ó jọ̀wọ́ má ṣe dí òun lọ́wọ́ láti aago márùn-ún sí mẹ́fà, nígbà tí òun máa ń dá gbàdúrà, ó sì kọ̀wé pé ó gbọ́. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹta, ó kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ pé ó ti sú òun láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà àti láti máa sọ ọ́. Ó lè gbé pẹ̀lú ohun tí kò mọ̀. Agbára ńlá ni èyí jẹ́ lójú mi, ó sì le ju kí a pariwo lé ẹ̀mí lọ.

Mo ní ohun kan láti sọ tí n kò lè sọ ní ìpàdé ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ọkọ, yàrá méjì ni a gbà nínú ilé ayálégbé kan, a tó ìdílé mẹ́jọ níbẹ̀. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí àjà lóru. Ìkòkò á bọ́ lulẹ̀ nínú ilé ìdáná, bí a bá gbé àtùpà débẹ̀, a ò ní rí ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà gìrì mú ọmọ ẹnìkan. Ìyá arúgbó kan wà ní yàrá ìkẹyìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Opó ni, ó ń dá jẹun, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ní ìdájí. Èmi kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ìyá ti ń pe ọmọ wọn kúrò ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Onílé mú ọkùnrin aládùúrà kan wá. Ó gbàdúrà fún òru mẹ́ta. Ní òru kẹta, ó ní kí gbogbo wa dúró sí àgbàlá, ó ní ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí tí ó ń fi òru ṣe iṣẹ́ ibi, kí ilẹ̀ ilé yìí má gbà á mọ́. A ṣe Àmín, ó dún dé òpópónà. Ojú gbogbo wa wà lára ìyá náà. Òun náà ṣe Àmín. Kí oṣù náà tó parí, ó kó lọ sí ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀ ní abúlé, ó fi àpótí ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá kànga, a kò sì gbọ́ ìròyìn rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin arábìnrin mi, ìyá yìí ni ó wẹ àkọ́bí mi. Mo mọ̀ pé orúnkún ń dùn ún, tí kò lè gun àkàbà, ká má tilẹ̀ sọ àjà. Mo mọ̀ pé nígbà tí ìkòkò bọ́ lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ̀ mi ni ó wà, tí ó ń bá mi gbé ọmọ. Ẹ̀rí tí Susanna kọ sínú lẹ́tà fún àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀, irú rẹ̀ gan-an wà lọ́wọ́ mi, n kò sì la ẹnu. Mo ṣe Àmín sí ohun tí n kò gbà gbọ́, nítorí mo bẹ̀rù pé bí n kò bá ṣe é, ojú á kúrò lára rẹ̀, á wá sí ara mi. Ìró náà kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ó lọ. A tún gbé ibẹ̀ ní ọdún méjì gbáko, a ń gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tí ó tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Àmín Susanna fi máa ń dùn mí. Obìnrin tí ó gbà kí ọkọ fi òun àti àwọn ọmọ sílẹ̀, kàkà kí ó ṣe Àmín tí kò ti ọkàn rẹ̀ wá!

Ẹnìkan yóò wí pé, ṣé ìyá yìí kò gbà pé ẹ̀mí búburú wà ni? Mo gbà. John Wesley gbà, títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí n gbà pé ẹ̀mí wà, ọ̀tọ̀ ni kí n mọ inú ẹni tí ó wà. Ìwé Mímọ́ tí ó ní kí a dán ẹ̀mí wò, òun kan náà ni ó ní ẹ̀rí ẹni kan ṣoṣo kò tó láti fi dá ènìyàn lẹ́bi. Ariwo kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Òun kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwa ni a ń bá a dárúkọ. Ẹ sì wò ó dáadáa: orúkọ tí a máa ń dá kì í jẹ́ ti ẹni tí ó ní ọmọ gíga mẹ́ta lẹ́yìn. Ti opó ni, ti ọmọ ọ̀dọ̀, ti ìyàwó tí kò bímọ, ti ọmọ tí ó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Èyí mú mi padà sọ́dọ̀ Hetty. Ọmọ nǹkan bí ọdún 19 ni nígbà ariwo náà, wọ́n sì sọ pé òun ni orí rẹ̀ pé jù nínú àwọn ọmọbìnrin náà. Ó ti ń ka èdè Gíríìkì láti kékeré, ó sì mọ ewì kọ. Ní ọdún 1725, ó bá ọkùnrin kan lọ, ó rò pé yóò fẹ́ òun. Kò fẹ́ ẹ. Ó padà wálé pẹ̀lú oyún. Bàbá rẹ̀ mú kí ó fẹ́ púlọ́ńbà kan, William Wright, ìgbéyàwó tí kò fún un ní ayọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń kú ní kékeré. Ó kọ̀wé bẹ bàbá rẹ̀. Bàbá náà kò rọ̀. Arábìnrin rẹ̀ Mary dúró tì í. John, ní ọdún 1726, wàásù ní ìlú Wroot lórí ìfẹ́ tí ó yẹ kí a ní sí ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀. Bàbá mọ ẹni tí ó ń gbèjà, ó sì bínú. Samuel Wesley kú ní ọdún 1735. Hetty kú ní ọdún 1750.

Ọkùnrin tí ó lé iwin láti yàrá dé yàrá, tí kò gbà kí èṣù lé òun jáde nílé, ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tirẹ̀. N kò sọ èyí láti bá òkú wí. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni, ó sì jìyà púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ka ìtàn náà, iwin kọ́ ni ó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀.

Ó ku ìbéèrè ọmọbìnrin wa. Ọmọ mi, bí owó ilé náà bá tẹ́ yín lọ́rùn, kí ọkọ rẹ pe káfíńtà kí wọ́n wo orí àjà ní ọ̀sán gangan. Ẹ lọ bá àwọn tí ó ti gbé ibẹ̀ rí, kí ẹ béèrè ohun tí olúkúlùkù fi etí ara rẹ̀ gbọ́, kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ fún un. Lẹ́yìn náà, kí o bá mi bi wọ́n ní ohun kan sí i: nígbà tí ẹ̀rù ń bà wọ́n nínú ilé yẹn, ta ni wọ́n lé jáde, níbo sì ni ẹni náà wà báyìí?